Sheikh Muhammad bin Yusuf as-Sanusi ti Tlemcen (ó kú ní 895 H/1490): Kádàrá, Sábàbí àti Àfọwọ́fà Ẹ̀dá

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Láàárín wákàtí díẹ̀, òjò tí ó lé ní 260 mìlímítà ti rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ilé alámọ̀ wó, nǹkan bí 150,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú náà ni Dapoya, tí ó wà ní gúúsù àwọn adágún omi tí a fi ìsénà sé. Ní ibi tí Mùsùlùmí bá ti pọ̀, bí wọ́n ti pọ̀ ní ìlú náà, ọ̀rọ̀ méjì ni irú àjálù bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá sí ẹnu. Àwọn kan a ní kádàrá Ọlọ́hun ni, kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn a ní omi kò mọ olódodo yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ni ó ń ṣàn gbà, ilé tí ó bá sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀ yóò wó. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kejì yìí síwájú, ìbéèrè kan wà ní ìdí rẹ̀ tí ó le ju òjò lọ. Ara ènìyàn pẹ̀lú jẹ́ omi àti erùpẹ̀. Bí ohun tí ó ń darí omi bá ń darí ọpọlọ àti ọwọ́ ènìyàn, kí ni ó kù tí a ó fi sọ pé ènìyàn yan ohun tí ó ṣe, tí a ó sì fi ṣe ìṣirò fún un ní ọjọ́ ìkẹyìn?

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti gba ìbéèrè yìí sínú. Láti ilé-kéwú ni ọ̀rọ̀ náà kádàrá ti wọ èdè wa, ibẹ̀ náà ni sábàbí ti wá. Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Ọlọ́hun ni ó fi òògùn ṣe sábàbí ìwòsàn òun ń sọ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ tawhid láìmọ̀. Onímọ̀ tí ó to ẹ̀kọ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ lọ́nà tí ó fi tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni Abu Abdillah Muhammad bin Yusuf as-Sanusi. Kì í ṣe òun ni Muhammad bin Ali as-Sanusi (1787–1859) tí ó dá ẹgbẹ́ Sufi Sanusiyya sílẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì so mọ́ ilẹ̀ Libya. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Orúkọ Sànúsí sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń jẹ́ ẹ kò bèèrè ibi tí ó ti wá.

Ìlú Tlemcen, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ni a ti bí i, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 830 lẹ́yìn Hijra, nígbà tí àwọn ọba Banu Zayyan ń jọba níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn òpìtàn kò ṣọ̀kan lórí ọdún náà gan-an. Bàbá rẹ̀, Yusuf, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ali at-Talluti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wà lára àwọn tí ó kàwé lọ́dọ̀ wọn. Ó gba hadíìsì lọ́dọ̀ Abd ar-Rahman ath-Tha'alibi ti Algiers, ó sì gba ọ̀nà Sufi lọ́wọ́ Ibrahim at-Tazi ní Oran. Abu al-Qasim al-Kanabishi ni ó kọ́ ọ ní ìmọ̀ tawhid.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ wà. Al-Qalasadi, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Andalusia tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Maghrib, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ ní ìṣirò àti ogún pípín. Al-Habbak kọ́ ọ ní ìlò astrolabe, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn gíga oòrùn àti ìràwọ̀ láti mọ àkókò ìrun àti ìhà Kíbúlà. As-Sanusi fúnra rẹ̀ wá kọ àlàyé lórí ewì tí olùkọ́ rẹ̀ yìí kọ nípa astrolabe. Nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ, ó ti kọ àlàyé ńlá lórí ìwé al-Hawfi nípa pípín ogún. Ẹnu ya olùkọ́ rẹ̀, al-Hasan Abarkan, nígbà tí ó rí ìwé náà, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó fi pamọ́ títí yóò fi pé ọmọ ogójì ọdún, kí ojú ènìyàn má baà ṣe é ní ibi. Lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé lórí ìmọ̀ ìṣègùn pẹ̀lú, ó sì ṣe àlàyé Sahih Muslim. Ọkùnrin tí ó wá sọ pé iná kò ní agbára kankan láti jó nǹkan ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí.

Àwọn ìwé àdìsọ́kàn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó kọ èyí tí ó tóbi, ó kọ ti agbedeméjì, ó sì kọ kékeré, èyí tí à ń pè ní Umm al-Barahin tàbí as-Sughra. Ó tún kọ èyí tí ó kéré ju kékeré lọ, àti al-Muqaddimat tí ó jẹ́ ìṣáájú fún wọn. Umm al-Barahin kò ju ojú ìwé mélòó kan lọ. Ogún ìròyìn tí ó pọn dandan fún Ọlọ́hun ni ó kà síbẹ̀, àti ogún òdì wọn tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, lẹ́yìn náà ohun tí ó tọ́ sí àwọn òjíṣẹ́. Ó sì fi hàn pé gbogbo rẹ̀ wà nínú gbólóhùn ìjẹ́rìí tí Mùsùlùmí kọ̀ọ̀kan ń wí. Ìwé tí ọmọdé lè há sórí ni, síbẹ̀ àgbà onímọ̀ lè fi ọdún púpọ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Nínú al-Muqaddimat ni ó ti pín ìdájọ́ sí mẹ́ta: ìdájọ́ òfin Ṣẹ̀ríà, ìdájọ́ làákàyè, àti ìdájọ́ àṣà. Kì í ṣe àṣà ìlú ni ó ń sọ. Ohun tí ó ń pè ní ìdájọ́ àṣà ni pé kí a rí i léraléra pé ohun kan ń tẹ̀lé òmíràn, títí ọkàn wa yóò fi gbà pé wọ́n so pọ̀: oúnjẹ àti yíyó, omi àti òùngbẹ pípa, ọ̀bẹ àti gígé, iná àti jíjó. Lójú rẹ̀, ìsopọ̀ náà wà lóòótọ́, ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ sẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí kò gbà ni pé agbára kan wà nínú iná tí ó ń jó nǹkan. Ọlọ́hun ni ó ń dá jíjó nígbà tí iná bá kan òwú, bí Ó bá sì fẹ́, iná a kàn án, kò ní jó, gẹ́gẹ́ bí kò ti jó Ànábì Ibrahim (kí ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a). Lórí kókó yìí, ó pín àwọn ènìyàn sí mẹ́rin. Ẹni tí ó bá gbà pé iná ń jó nǹkan pẹ̀lú àdámọ́ rẹ̀, láìsí Ọlọ́hun, ti bọ́ sínú kèfèrí. Ẹni tí ó bá ní agbára tí Ọlọ́hun fi sínú rẹ̀ ni ó ń jó nǹkan jẹ́ oníbídà. Ẹni tí ó bá ní Ọlọ́hun ni ó ń dá jíjó, ṣùgbọ́n tí ó ní ìsopọ̀ náà kò lè yẹ̀ láéláé, jẹ́ aláìmọ̀kan tí ó wà létí ewu, nítorí yóò sẹ́ iṣẹ́ ìyanu àwọn Ànábì. Ẹni kẹrin, tí ó gbà pé ìsopọ̀ wà, pé Ọlọ́hun ni ó dá a, pé Ó sì lè yẹ̀ ẹ́, ni ó wà lórí òtítọ́.

Ìdájọ́ rẹ̀ lórí ẹni kejì yẹn le jù fún ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan àwọn Mùsùlùmí Sunnah tí kì í ṣe Ash'ari, a kò sì gbọ́dọ̀ fi bò.

Nígbà tí ó kúrò lórí iná tí ó dé orí ènìyàn, ó rí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn Jabriyya ní ènìyàn kò yàtọ̀ sí ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Àwọn Qadariyya ní ènìyàn ni ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀. Ahl as-Sunna wà láàárín: Ọlọ́hun ni ó dá iṣẹ́ náà, ẹ̀dá ni ó sì ni kasb rẹ̀, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà di ti ẹni tí ó ṣe é nítorí pé agbára àti yíyàn rẹ̀ bá a rìn. Ẹ̀rí tí ó lò fún àwọn Jabriyya kò sí nínú ìwé kankan, inú ara olúkúlùkù ni ó wà. Ẹni tí àìsàn mú ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, tí ó wá na ọwọ́ kan náà láti mú ife, mọ̀ láìsí àlàyé pé ìrìn ọwọ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá ní wọ́n dọ́gba ń jiyàn pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni Ṣẹ̀ríà gùn lé: a kì í bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pé kí ló dé tí ife fi já, a sì ń bi ẹni tí ó mú un tí ó fi sọ ògiri.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ ní Ouagadougou. Bí a bá fi òṣùwọ̀n as-Sanusi wọ̀n ọ́n, ẹni tí ó ní kádàrá ni kò parọ́, nítorí kò sí ẹ̀kán òjò kan tí kò ti ọwọ́ Ọlọ́hun wá. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni omi ń ṣàn gbà kò parọ́ pẹ̀lú, nítorí àṣà tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀ ni, tí ojú ti rí tí ọwọ́ sì ti wọ̀n. Àṣìṣe ẹni ìkíní bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti fi kádàrá pa ìbéèrè: ta ni ó ta ilẹ̀ tí ó mọ̀ pé omi ń gbà, ta ni ó fi ìdọ̀tí dí ojú gọ́tà, ta ni ó yẹ kí ó la ojú omi tí kò là á? Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ọwọ́ tí a nà, wọn kì í ṣe ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Bí ìsopọ̀ omi àti ilẹ̀ rírẹlẹ̀ kì í bá ṣe ohun tí a lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní sí ẹni tí a lè bi ní ìbéèrè. Àṣà tí Ọlọ́hun kì í sábà yẹ̀ ni ó jẹ́ kí yíyàn ènìyàn ní ìtumọ̀, nítorí ẹni tí kò lè mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn ìṣe rẹ̀ wá kò lè yan nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ náà ní ibi tí ó ti le láti gbé. Bí agbára ẹ̀dá kò bá ní ipa kankan lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó kàn bá a rìn lásán, kí ni ó sọ ọ́ di oníṣẹ́? Al-Juwayni (ó kú ní 1085), tí ó jẹ́ òpó láàárín àwọn Ash'ari, ti gbà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé agbára ẹ̀dá ní ipa; as-Sanusi kò fara mọ́ kí a ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà. Ibn Rushd (ó kú ní 1198) ti wí ṣáájú rẹ̀ pé ẹni tí ó bá sẹ́ sábàbí ti sẹ́ làákàyè. Ibn Taymiyya (ó kú ní 1328) sì rí kasb gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí kò ní ohun kan nínú. Èsì as-Sanusi ni pé iṣẹ́ ẹ̀dá kì í ṣe ohun tí ó ń fa ẹ̀san jáde bí ẹni fa omi nínú kànga. Àmì ni, Ọlọ́hun ni ó sì fi í ṣe àmì. Èsì náà gba ọlá Ọlọ́hun là pátápátá, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn gbogbo ohun tí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́ fẹ́ mọ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò dákẹ́ lórí rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n rò pé ìmọ̀ físíìsì ti dá ẹjọ́ yìí tán kò wà ní ipò tí ó sàn jù. Ní 1814, Pierre-Simon Laplace, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, ṣàlàyé pé làákàyè tí ó bá mọ ipò gbogbo nǹkan àti gbogbo agbára tí ń tì wọ́n ní ìṣẹ́jú kan yóò mọ gbogbo ọ̀la. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí a nà àti ọwọ́ tí ń gbọ̀n di ọ̀kan náà, Jabriyya sì tún padà wọlé láìsí Ọlọ́hun. Ní 1927, Werner Heisenberg fi hàn pé a kò lè mọ ipò àti ìrìn àwọn ohun tí ó kéré jù lọ papọ̀ láìsí àlébù. Àwọn kan yọ̀ sí èyí pé òmìnira ènìyàn ti padà dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ayò tí a dà kì í ṣe ohun tí a yàn. As-Sanusi ì bá wí pé ìdájọ́ àṣà ni òfin físíìsì: ó ń sọ ohun tí ń tẹ̀lé ohun tí a rí, tí a sì tún rí, kò sọ pé ohun kan ń fi ipá mú òmíràn. Ibi tí ó lágbára sí nìyẹn. Àwọn oníwàásù tí wọ́n wá ń lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ka àwọn ìwé rẹ̀ lórí ìràwọ̀ àti ìṣègùn.

Ní ti ìwà rẹ̀, Muhammad bin Umar al-Mallali, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ó kọ odindi ìwé lórí rẹ̀, fi hàn wá bí ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé ayé. Ó sá fún ààfin. Bí ọba bá fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kì í fẹ́ gbà á. Bí ó bá ń rìn lọ, ilẹ̀ ni ó ń wò kí ó má baà tẹ kòkòrò pa, ó sì ń kọ́ àwọn tí wọ́n bá a rìn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ àti ajá wọn lé ìkookò kan kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì pa á. As-Sanusi wo ẹran náà nílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì bèèrè ibi tí ẹ̀mí tí ó fi ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà wà. Ẹni tí ó gbà pé ẹsẹ̀ ìkookò kò gbé e fúnra rẹ̀ rí nínú ikú ẹran náà ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú.

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àlàyé ìwé rẹ̀ ńlá, ó le koko mọ́ ẹni tí ó gba Ọlọ́hun gbọ́ nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ gbà Á gbọ́, tí kò sì mọ ẹ̀rí kankan; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ibn Zakri, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tlemcen, takò ó. Nígbà tí ó ṣe, as-Sanusi rọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ líle máa ń yára rìn ju rírọ̀ rẹ̀ lọ. Láàárín àwọn Fulani, ẹ̀kọ́ tawhid tí wọ́n gbé ka orí as-Sughra di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní èdè Fulfulde, èyí tí wọ́n ń pè ní kabbe. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Muhammad al-Wali sọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ di ìwé Lárúbáwá. Àwọn kan wá mú un débi pé wọ́n ń dán àgbẹ̀ àti darandaran wò lórí ogún ìròyìn náà, ẹni tí kò bá lè dáhùn ni wọ́n ń pè ní kèfèrí. Sheikh Uthman dan Fodio (1754–1817), tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Ash'ari, dojú kọ wọn nínú àwọn ìwé rẹ̀, ó sì gbèjà àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ṣeni ní kàyéfì pé ìwé kékeré tí a kọ kí tawhid lè rọrùn láti há ni wọ́n fi ti ènìyàn jáde kúrò nínú ẹ̀sìn.

As-Sanusi kú ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Jumada kejì ọdún 895 H, tí ó bọ́ sí 9 oṣù karùn-ún 1490, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀, ní ìlú Tlemcen kan náà tí a bí i sí. Al-Maghili, ọmọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n ti jọ kọ ìwé sí ara wọn, ní tirẹ̀ gúnlẹ̀ sí Kano àti Gao ní àwọn ọdún yẹn.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Ahmad Baba ti Timbuktu (1556–1627) ni ó kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ará ìhà ọ̀hún aṣálẹ̀. Kì í ṣe nínú ìrọ̀rùn ni ó kọ ọ́. Ní 1594, àwọn ọmọ ogun Morocco fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n kó 1,600 ìwé rẹ̀, wọ́n sì gbé e la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Marrakesh. Ó já láti orí ràkúnmí lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nínú ìgbèkùn náà ni ó parí Nayl al-Ibtihaj ní 1596, tí ìgbésí ayé as-Sanusi sì gba ààyè gbòòrò nínú rẹ̀. Ó tún ké ìwé al-Mallali kúrú. Ní 1608 ni ó padà dé Timbuktu. Ní 1615 ni ó kọ Mi'raj as-Su'ud, ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, níbi tí ó ti ka àwọn ìran tí wọ́n kì í ṣe Mùsùlùmí ní àkókò rẹ̀; Mossi, tí wọ́n ni Ouagadougou, wà níbẹ̀, Yorùbá náà sì wà níbẹ̀.